Eérú Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

“Ọmọ yín tó kú, ṣé ó tóbi?”

Bí nọ́ọ̀sì ṣe bi mí nìyẹn, lọ́jọ́ àyẹ̀wò aboyún, ní ọsibítù kan ní Òṣogbo. Kò pariwo. Ó tẹ orí sún mọ́ mi, ó fi káàdì mi bo ẹnu, ṣùgbọ́n gbogbo ara mi ló gbọ́ ọ. Àwa bí ogójì la jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, tí oníkálukú di ìgò ìtọ̀ rẹ̀ mú, tí àwọn kan fi ìwé ìròyìn wé tiwọn kí ojú má bàa tì wọ́n. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì pè wọ yàrá.

“Ọmọ wo?” ni mo fi dá a lóhùn. “Oyún àkọ́kọ́ mi nìyí. Ẹ wo káàdì.”

Ó ní, “Mo ti wò ó.”

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìdákẹ́ kì í ṣe tèmi. Táípíìsì ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀gá tó bá sọ̀rọ̀ sí mi, mo ti fún un lésì kí ó tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn mi: ta ló sọ fún un?

Nítorí irọ́ ni mo pa. Oyún kejì mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ilé ìmàle ni wọ́n ti bí mi, ìyá mi ń rẹ aró. Iléṣà ni mo relé ọkọ. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama kan níbẹ̀, inú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ la sì ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ìyá ọkọ mi, obìnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ní oko obì ní Ìwàrà, tó máa ń pe ilé ní “ulé” tí èmi á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi. Wọn kò ṣe mí níbi kankan ní ìbẹ̀rẹ̀. Iyán ni wọ́n fi ń kí mi káàbọ̀, iyán ni wọ́n fi ń kí mi pé ó dàárọ̀. Wọ́n á gún un, wọ́n á dúró tì mí títí n óò fi fọwọ́ nu àwo.

Nígbà tí mo lóyún àkọ́kọ́, òùngbẹ mú mi bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ààwẹ̀. Mo lè mu àmù omi kan tán kí ó tó di ọ̀sán, n óò sì máa tọ̀ bí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Ikùn mi yọ síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní ìyá ìbejì. Inú mi ń dùn. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Wọ́n á kàn máa wò mí. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, ojú wọn ni n óò bá lára mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wà nínú balùwẹ̀. Páànù ni wọ́n fi yí i ká, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, ihò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn páànù. Mo fi ojú kan sí ojú ihò ìṣó. Ìyá ọkọ mi ni mo rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwo eérú wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń da eérú sí ibi tí ìtọ̀ mi ṣàn gbà, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí wọ́n dà á tán, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá rí irú èyí, kí lẹ máa rò?

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní eérú ni ìyá òun fi ń lé kòkòrò. Mo ní, “Kòkòrò wo? Ṣé èmi ni kòkòrò?” Ó ní kí n jọ̀ọ́. Mo fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọwọ́ ara mi pọn omi tí mò ń mu, tí mo ń yẹ abẹ́ ibùsùn mi wò kí n tó dùbúlẹ̀.

Nígbà tí ìrọbí dé, ọmọ náà kò jáde bọ̀rọ̀. Orí jáde, èjìká há. Nígbà tí àwọn agbẹ̀bí fi máa rí i fà jáde, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Ọkùnrin ni. Mo rí i. Wọ́n ní kí n má wò ó, ṣùgbọ́n mo wò ó. Ó tóbi bí ọmọ oṣù mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ọwọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́po méjì-méjì. Kò sí ohun tó ṣe é. Bí ẹni sùn ló rí.

Àwọn ènìyàn wá kí wa. “Omi ló dànù, agbè kò fọ́.” Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́, títí mo fi kórìíra agbè. Ìyá ọkọ mi kò wọlé tọ̀ mí wá fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń rọra lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo gbọ́ ohùn wọn nínú ilé ìdáná. Wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní, “Olúwa, dárí jì mí. Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo fà á.”

Mo fi ọwọ́ mú ògiri. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wàláì, bí ara mi bá le lọ́jọ́ náà ni, ilé ìdáná yẹn ì bá gbóná ju bí iná ṣe ń mú un gbóná lọ.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ìyá mi. Ìyá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n ní, “Ìfura loògùn àgbà, ọmọ mi. Wá ọ̀nà kúrò nínú ilé yẹn.” Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ tí wọ́n ń wá táípíìsì sí Òṣogbo, èmi ni mo kọ́kọ́ fò mọ́ ọn. Mo gba yàrá kan àti pálọ̀ kan nítòsí ilé ìyá mi. Ọkọ mi ń wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ń padà lọ́jọ́ Àìkú. Èmi náà máa ń lọ sí Iléṣà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa ní mo ti kọ ilé sílẹ̀. Bí ìyá ọkọ mi bá gbé omi fún mi, n óò kúnlẹ̀ gbà á, n óò sì dà á sí ìdí òdòdó bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó tún lóyún. Ìyá mi pè mí sínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, “Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ọsibítù, oyún àkọ́kọ́ ni kí o sọ. Ohun tó ti lọ, a kì í pè é padà sínú ilé. A kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.” Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà láàárín wa mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọmọ tó ti lọ, bí o bá dárúkọ rẹ̀ létí èyí tó ń bọ̀, o ti fi ọ̀nà hàn án nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń kọ káàdì bi mí pé, “Ìkelòó lèyí?”, mo ní, “Àkọ́kọ́ ni, sístà.” Ó kọ ọ́. Ara tù mí bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ olè síta.

Oyún náà tó bí oṣù mẹ́fà nígbà tí mo lọ sí Iléṣà fún òpin ọ̀sẹ̀ kan. Òùngbẹ ti tún dé, ìtọ̀ náà ti tún dé, ṣùgbọ́n mo ní bẹ́ẹ̀ ni oyún ṣe ń ṣe mí. Lówùúrọ̀ Sátidé, mo jáde láti balùwẹ̀, mo yí gba ẹ̀yìn. Eérú tuntun ni mo bá nílẹ̀, ní ojú ibi kan náà. Ipa ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi ṣì wà lórí rẹ̀.

Mo kó ẹrù mi. N kò dúró jẹun. Ọkọ mi ń sá tẹ̀lé mi títí dé gáréèjì, ó ń bi mí pé kí ló dé. Mo ní kí ó lọ bi ìyá rẹ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì búra pé títí n óò fi bímọ, ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ Iléṣà mọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì pè mí wọ yàrá, tó sì bi mí bóyá ọmọ mi tó kú tóbi.

N kò jẹ́wọ́ fún un. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n wá lọ́jọ́ kejì láìjẹ, láìmu. Mo lọ, nítorí pé bí n kò bá lọ, wọ́n á mọ̀ pé mò ń sá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lápá mi. Wọ́n pò gúlúkóòsì fún mi nínú ife ńlá, mo mu ún, ó dùn débi pé èébì fẹ́ẹ̀ gbé mi. Wọ́n ní kí n jókòó fún wákàtí méjì, wọ́n sì tún gba ẹ̀jẹ̀. Èmi nìkan! Àwọn aboyún yòókù ń lọ sílé, wọ́n ń wò mí tìyanu-tìyanu. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ, ni mò ń wí nínú ara mi.

Dókítà ni ó sọ èsì fún mi. Ọkùnrin kúkurú kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, “Ìyá, àtọ̀gbẹ ni. Irú èyí tí oyún máa ń mú wá.”

Mo ní, “Àtọ̀gbẹ? Àrùn àwọn arúgbó? Dókítà, mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ yẹ orúkọ wò dáadáa, ẹ ti gbé ti ẹlòmíràn fún mi.”

Ó ní orúkọ mi ni. Ó ní bí a kò bá ṣọ́ ọ, ọmọ inú yóò máa jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi, yóò sanra jù, èjìká rẹ̀ lè há níbi ìrọbí.

Gbogbo irun ara mi ló dìde. Èjìká. Ta ló sọ fún ọkùnrin yìí nípa èjìká? N kò ronú pé ìwé ni ó ti kà á. Ohun tí mo rò ni pé ẹnì kan ti dé ọsibítù yìí ṣáájú mi, tó ti ra nọ́ọ̀sì, tó ti ra dókítà, tí wọ́n fẹ́ fi àrùn lé mi lórí kí ọmọ yìí lè bá ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní ọ́fíìsì, táípíìsì bíi tèmi, tí kò lóyún, tí kò ṣàìsàn. Mo bẹ̀ ẹ́, ó tọ̀ sínú ìgò fún mi. Mo tọ̀ sínú ìgò tèmi. Mo wá lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ìgò mi, mo lẹ orúkọ mi mọ́ ìgò rẹ̀, mo gbé méjèèjì lọ sí yàrá àyẹ̀wò kan tí kò mọ̀ mí rí, ní òdìkejì ìlú. Mo ní bí wọ́n bá ti ra àwọn náà, orúkọ mi ni wọ́n máa mú.

Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ da omi búlúù kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó kán ìtọ̀ sí wọn, ó ń sè wọ́n lórí iná. Mo dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò ṣẹ́jú. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ mi dúró bí ó ṣe wà, búlúù. Èkejì yí sí àwọ̀ ewé, ó yí sí òféfèé, ó wá pọ́n bí bíríkì.

Ó ní, “Ìyá, ẹ̀yin kò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kí ó tètè lọ rí dókítà. Ṣúgà inú ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.”

Mo ní, “N óò sọ fún un.” Mo jáde, mo jókòó sórí gọ́tà, mo sunkún. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí dókítà sọ ọ́ lọ. Bí ènìyàn bá ń purọ́ mọ́ ọ, o lè bá a jà. Èyí, inú ara mi ló wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Kò sí mínírà, kò sí búrẹ́dì funfun, kò sí ṣúgà nínú ẹ̀kọ mímu. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ìwọ̀n ọwọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó tú àṣírí mi kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọkọ mi dé, kí ó tó bọ́ bàtà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. “Ta lo sọ fún pé ọmọ mi kú?” Ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi Bíbélì búra. Mo ní kí ó fi ohun tó mú ju Bíbélì búra. Ó ní, “O ò fi ọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́, ṣé o mọ̀?” Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ni. N kò tilẹ̀ sọ àtọ̀gbẹ náà fún un. Mo ní dókítà ní kí n dín oúnjẹ kù, ó parí. Ìyá mi pàápàá kò gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ o. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọ ọkọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ láti Iléṣà sí Òṣogbo kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé àpò kan sílẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú odi-odi, ẹ̀wà, ewúro tí wọ́n ti fọ̀. Ó ní, “Màmá Iléṣà ní kí ẹ máa jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí ẹ má jẹ iyán, kí ẹ má sì fi nǹkan dídùn kan ẹnu.”

Mo ní, “Wọ́n ní kí ni?”

Ó tún un sọ. Mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ìyá ọkọ mi tó fi iyán bọ́ mi títí ikùn mi fi fẹ́ẹ̀ bẹ́, òun ló ń sọ pé kí n má jẹ iyán! Ta ló sọ fún wọn? Ẹni mélòó ló mọ̀ láyé? Dókítà, nọ́ọ̀sì, èmi. Àfi ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àrùn sí ènìyàn lára ló lè mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un.

Mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fún ewúrẹ́ onílé mi. Mo dúró tì wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́, mò ń wò ó bóyá wọ́n á kú. Wọn kò kú. Wọ́n tún padà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mi. Èmi náà wá lọ sọ́jà lọ ra irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà, mo ń ráhùn pé ó wọ́n.

Nígbà tó ku oṣù méjì, oúnjẹ nìkan kò ká a mọ́, abẹ́rẹ́ tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù ló kù. Nọ́ọ̀sì tó pè mí wọ yàrá lọ́jọ́sí ló kọ́ mi bí n óò ṣe máa gún ara mi nítan. Iná mànàmáná kò dúró, n kò sì ní fíríìjì, mo wá gbé ìgò oògùn náà sínú ìkòkò kékeré, mo fi iyanrìn tútù yí i ká, mo ti ìkòkò mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Ọkọ mi kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ìyá mi kò gbọdọ̀ débẹ̀. Bí ọmọ inú bá ta ẹsẹ̀, n óò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, n óò kà á. Bí kò bá ta fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì ló máa mọ̀, torí pé ìró táípúráítà mi á dákẹ́.

Dókítà kò jẹ́ kí oyún náà pé ọjọ́ rẹ̀ tán. Ó ní kí n wọlé, wọ́n fi omi ìrọbí sí mi lápá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, orí jáde. Mo pariwo pé, “Èjìká ń kọ́? Ẹ wo èjìká!” Nọ́ọ̀sì ní, “Ìyá, ẹ gbẹ́nu dákẹ́, ẹ tì í.” Mo tì í. Ó jáde, ó ké. Ha! Igbe tó ké yẹn, bí mo bá ń sùn lónìí tí mo sì gbọ́ ọ, n óò mọ̀ ọ́n. Obìnrin ni. Wọ́n gún un ní gìgísẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kí n tètè fún un lọ́mú. Ara rẹ̀ gbóná mọ́ mi láyà.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi mú ìyá rẹ̀ wá. Bí mo ṣe rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo fa ọmọ mọ́ra. Wọ́n rí i pé mo fà á, wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì mi wọlé. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin màmá wa ará Iléṣà! Ẹ kú ewu ọmọ o. Ṣé ẹ rí i? Ìrìn yín kò já sí asán.”

Lẹ́yìn náà ló rántí ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó jáde. Ìyá ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

N kò bi wọ́n níbẹ̀. Mo dúró títí a fi délé mi, tí àwọn náà dúró bá mi tọ́ ọmọ, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá mi lọ sọ́jà. Ìyá ọkọ mi jókòó lórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ sí ojúgun, wọ́n ń fi kànrìnkàn tó rọ̀ wẹ̀ ẹ́. Èmi dúró tì wọ́n bí ọlọ́pàá.

Mo ní, “Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.”

Wọ́n ní, “Èmi ni.”

“Ta ló sọ fún yín pé mo ní àtọ̀gbẹ?”

Wọ́n bomi sí ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Èèrà ni.”

Wọ́n wá sọ ọ́, wọn kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní nígbà oyún àkọ́kọ́, àwọn rí èèrà lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí ìtọ̀ mi ń gbà jáde, tí wọ́n bo ilẹ̀ bí ìgbà tí oyin dà sílẹ̀. Wọ́n ní ojú àwọn ni èèrà ṣe bo ìtọ̀ àbúrò àwọn obìnrin ní Ìwàrà bẹ́ẹ̀, tí kò sì pẹ́ tí àtọ̀gbẹ fi pa á. “Mo mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní bí àwọn ará ilé bá rí i, wọ́n á ní ìyàwó ọmọ mi gbé àrùn wọlé. Mo ní bóyá bí o bá bímọ tán, yóò lọ. Mo ń da eérú bò ó, mo ń gbàdúrà sí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń dà á. Ìyàwó mi, mo da eérú bò ó títí ọmọ yẹn fi kú.”

Inú bí mi. N kò ní purọ́, inú bí mi gidigidi. Mo pariwo pé, “Ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́!”

Wọ́n ní, “Mo dákẹ́.”

“Lẹ́ẹ̀kejì ń kọ́? Mo tún bá eérú níbẹ̀!”

“Mo tún dà á. Ọwọ́ mi ti mọ ọ́n lára. Nígbà tí o bínú lọ ni ẹ̀rù bà mí. Mo wọkọ̀ wá sí Òṣogbo, mo wá nọ́ọ̀sì yẹn kàn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má dárúkọ mi. Ó ní níbi tí òun ti wo káàdì rẹ, oyún àkọ́kọ́ lo pè é, pé bí n kò bá wá ni, àwọn kò ní mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún èmi fúnra mi?”

Ìgbà yìí ni wọ́n gbé ojú sókè. “Ìwọ? Ìwọ tó ń da omi mi sí ìdí òdòdó? Bí mo bá ní èèrà ń bo ìtọ̀ rẹ, ṣé o ò ní sọ pé èmi ni mo kó wọn síbẹ̀?”

Ohun tí n óò sọ gan-an nìyẹn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀ nínú omi, mo ń rántí bí ara ṣe tù mí lọ́jọ́ tí mo ní àkọ́kọ́ ni, sístà. Ìyá ọkọ mi fi eérú bo ìtọ̀. Èmi fi irọ́ bo ọmọ. Àwọn wọkọ̀ wá tú tiwọn. Èmi ṣì gbé tèmi mọ́ra, mo sì ń pè é ní ọgbọ́n.

N kò dárí jì wọ́n lọ́jọ́ yẹn. N kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá mo ti dárí jì wọ́n tán títí dòní. Mo kàn mú aṣọ ìnura, mo tẹ́ ẹ, mo ní, “Ẹ nù ún, kí òtútù má mú un.” Wọ́n nù ún. Wọ́n gbé omi kalẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, mo gbà á, mo mu ún. Wọ́n wò mí títí mo fi mu ún tán.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwa méjèèjì gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀yìn ìyá ọkọ mi ló wà. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló ń kọ ìwé lọ́jọ́ náà, ọmọdé kan tí kò mọ̀ wá, tó ń bi gbogbo ìyá ní ìbéèrè kan náà láìgbé ojú sókè.

“Ìkelòó lèyí?”

Ìyá ọkọ mi yí ojú sí ògiri, wọ́n ń tún ọ̀já so, ọ̀já tí kò tú.

Mo ní, “Ìkejì.”

“Àkọ́kọ́ ń kọ́?”

Mo ní, “Ọkùnrin ni. Ó kú lọ́wọ́ ìrọbí.” Mo sì rí i pé ó fẹ́ lọ sí ìbéèrè mìíràn, mo fi ọwọ́ tẹ ìwé náà. “Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tóbi.”

Ó kọ ọ́.